Etí Ọ̀já

Ràímì aránṣọ ló kọ́kọ́ rí i.
Mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Ìgè wà lẹ́yìn mi,
ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ,
ẹ̀rọ dákẹ́.
"Ìyá Ìgè, etí ọ̀já rẹ ti gùn.
Nígbà ìkórè àgbàdo, ìka mẹ́rin ló ń yọ lẹ́yìn kókó;
lónìí, ìka méjìlá.
Ṣé ọ̀já ló ń dàgbà ni?"

Mo fi ẹ̀rín bò ó. Mo ní ọ̀já tuntun ni.
Ọ̀já tí ìyá mi fi pọ̀n mí ní Ìlíkímù ni,
àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá débi pé irọ́ kò lè dúró lára rẹ̀.

Bàbá Ìgè wà ní Gàbọ̀n. Oṣù mẹ́ta, ló wí.
Oṣù kẹsàn-án rèé, obìnrin kan nínú fóònù
ló ń fi Faransé dá mi lóhùn.
Mo ti ilẹ̀kùn. Ojú ń tì mí.
Ògì tí mò ń pò, o lè fi wo gèlè rẹ.
Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, tí a ní yóò tètè rìn,
ó pé oṣù mọ́kànlá, kò tíì dìde.
Nílé ìwòsàn wọ́n gbé e kọ́ bí ẹran alápatà:
kílò mẹ́fà, àti díẹ̀ tí agbẹ̀bí fi ṣàánú mi.
Ó fi bíìkì dá àmì kan sábẹ́ ìlà.
Mo ká ìwé náà, mo tún un ká,
títí àmì náà fi wà nínú lọ́hùn-ún.

Ràímì kò sọ fún ẹnikẹ́ni;
kó tó di alẹ́, gbogbo agboolé ti gbọ́.

Sìkírá gbé ẹ̀wà wá, ó ní òun ṣèèṣì sè jù.
Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣèèṣì.
Lọ́jọ́ kẹta mo bi í pé irú àṣìṣe wo nìyí tó mọ aago,
ó ní kí n dá abọ́ òun padà, ariwo mi pọ̀.
Ìyá Ọ̀kẹ́ ní tirẹ̀ kò gbé nǹkan kan wá.
Ó ní kí n yá òun lọ́mọ,
ilé òun dákẹ́ jù, kó tó di ìrọ̀lẹ́ òun á dá a padà.
Bí mo ṣe ráyè lọ tò sídìí omi nìyẹn
(kànga Kétu jìn ju sùúrù lọ),
tí mo dé, tí mo bá Ìgè tó fi ẹ̀pà kun gbogbo ojú,
tí ẹja gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná ń ta sánsán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má rò pé inú mi dùn.
Ẹ̀bùn ní ìwúwo tirẹ̀, òṣùwọ̀n kì í gbé e.
Lọ́jọ́ tí Àfúsá òdìkejì sọ lójú ọ̀nà pé
"Àwa là ń bọ́ ọ, ìyá rẹ̀ ló ń gbéra ga,"
mo fi abọ́ Sìkírá sílẹ̀ níta, mo lọ sùn.
Òórùn ẹ̀wà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.
Ìgè sunkún.
Ìgè ló ṣí ilẹ̀kùn, kì í ṣe èmi.

Wọ́n ní igba ọwọ́ ní í tọ́ ọmọ.
Mo ka tiwa: márùn-ún ni,
làkúrègbé sì wà nínú ọ̀kan.

Oṣù méjì kọjá, ọjọ́ ìwọ̀n pé. Ìyá Ọ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi,
ó di àpò rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọn òun náà.
Kílò méje àti díẹ̀,
díẹ̀ tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.
Agbẹ̀bí gbójú sókè: "Kí lo ń fún un jẹ?"
Mo la ẹnu. Ibo ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀?
Níbi ẹ̀wà tí wọ́n ṣèèṣì sè, àbí níbi ilé tó dákẹ́ jù?
Ìyá Ọ̀kẹ́ dá a lóhùn: "Oúnjẹ."

Gàbọ̀n kò tíì pè.
A gba iwájú Ràímì padà. Kò kí mi.
Ó wo kókó ọ̀já bí aránṣọ ṣe ń wo etí aṣọ,
ó na ìka mẹ́jọ sókè,
ó ká mẹ́rin nínú wọn wálẹ̀ pé ó kù,
ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ.